Kámẹ́rà Rí Mi Níbi Tí Mo Ti Ń Ṣe Àmín

Lọ́ńdọ̀nù, 1998

Màámi ní Ìlútítun,

Ẹ gbà pé mo dọ̀bálẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àdúrà yín dé, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti ń gbọ́ ọ. Iléeṣẹ́ wa ti fi kámẹ́rà síwájú dírẹ́bà, kí jàǹbá lè dín kù. Ọ̀gá mi ní fídíò fi hàn pé mo dijú kí ọkọ̀ tó kọlu afárá. Ẹ̀yin lẹ ní, "O ò ní fẹsẹ̀ kọ." Ta ni yóò lajú ṣe àmín irú ìyẹn?

Ẹ má bẹ̀rù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá mi bí ọba. Dókítà ní ẹsẹ̀ tó ṣẹ́kù lágbára.

Ẹ bá mi kí Títíladé ìyàwó mi. Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ránṣẹ́. Mo lè dijú títí àdúrà yóò fi parí báyìí.

Ọmọ yín, Ayọ̀kúnlé