Lọ́fíńdà Rẹ Ń Febi Pa Àdúgbò

Ọmọ mi àtàtà, àbíkẹ́yìn mi tí kì í gbọ́ràn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí òórùn oúnjẹ tí ò ń pò sínú ìgò nìkan lo fi ń gbé ẹ̀mí ró? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn á máa ṣọ́ ọ nínú yàrá kan ṣoṣo tí o háyà yẹn. Àwa náà wà láàyè. Orúnkún mi nìkan ló ń ṣàròyé, ṣùgbọ́n òun náà ti mọ́ mi lára, a jọ ń gbé ni.

Ìgò lọ́fíńdà kékeré tí o fi rán awakọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, òun àti ìwé ìbéèrè tí o so mọ́ ọn lọ́rùn. O ní kí n lò ó fún ọjọ́ méje, kí n sọ òtítọ́ bó ṣe ń ṣe lára, kí n má tìtorí pé ọmọ mi ló pò ó kí n wá máa pọ́n ọ. Èmi? Ìgbà wo ni mo pọ́n ọ rí? O sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, kékeré báyìí bí ẹsẹ̀ èèrà, pé bí bàbá rẹ bá gbà, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ wò. Màá dé ibẹ̀.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi jíṣẹ́. Mo rò ó pé ẹnu kò lè ṣàlàyé òórùn, ni mo bá fín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ihò tí ohùn máa ń gbà wọlé, kí o lè fi imú ara rẹ gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Mo pariwo pé ṣé ó ti dé. Fóònù náà kò dáhùn títí di òní. Ó ń ta sánsán ṣá. Ìdí nìyẹn tí o fi rí lẹ́tà.

Ìwé rẹ béèrè pé kí ló jọ nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fín in. Kéèkì ni. Ṣúgà tó ń yọ́ nínú ìkòkò, tó kù díẹ̀ kó jóná, tí ẹnì kan wá sáré da mílíìkì lé lórí. Láàárọ̀, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, ó dà bí àlejò tó ti ń kígbe ẹ kú ilé láti ojú títì. Dín ṣúgà rẹ̀ kù, ó ń fọ́ mi lórí. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀sán, àlejò náà á ti jókòó, á ti bọ́ bàtà, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí mo gbé ọrùn ọwọ́ mi sí imú, ó dà bí orí ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán. Mo fọ aṣọ tí mo fín in sí lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ.

O tún béèrè ibi tó ń rìn jìnnà dé. Mo fín in lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún mi. Nọ́ọ̀sì dúró láàárín wa, ó ní ta ló gbé oúnjẹ wọlé, ó tú báàgì mi, káàdì àti awò ojú ló bá níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó ní ìlà kẹta, tí ọmọ rẹ̀ ní kò fi nǹkan kan ẹnu láti ìjẹta, dìde fúnra rẹ̀, ó ní òun fẹ́ búrẹ́dì. Dókítà bẹ̀ mí kí n máa wá jókòó lójoojúmọ́. Torí náà kọ ọ́ sílẹ̀: ìlà kẹta.

Aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti ẹ̀ pè mí ní ahun. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń yan kéèkì tí mi ò fún òun ní èérún. Mo na ọwọ́ sí i kó gbóòórùn. Ó gbóòórùn, ó tún gbóòórùn, ó ní hẹn, òun ti gbọ́ òórùn rẹ̀, kéèkì gan-an wá dà?

Ibi tí ìwé ti ní kí n kọ ọjọ́ orí mi, mi ò kọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ra lọ́fíńdà, kí wọ́n ra lọ́fíńdà.

Ó yá, bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn lo ti ń wá láti òkè lẹ́tà yìí, o kàn ń ka ti orúnkún mi fún ojú ayé. Láti ọjọ́ tí o ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ torí lọ́fíńdà, tí wọ́n ní òórùn kì í ṣe iṣẹ́, oṣù kẹjọ rèé tí wọn kò dárúkọ rẹ. Bí mo bá ní ọmọ wọn kọ̀wé, wọ́n á ní èwo nínú wọn. Ọjọ́ tí ìgò dé, wọ́n ní kí n gbé nǹkan obìnrin kúrò nídìí oúnjẹ àwọn.

Lọ́jọ́ kẹta, mo rí i pé ìgò ń fà. Mo fura sí aránṣọ, mo bú u tọkàntọkàn nínú ikùn mi. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá rẹ ti ṣọ́ọ̀bù dé, eruku pákó ní irun wọn, wọ́n sì ń ta sánsán bíi kéèkì! Mo ní lọ́jọ́ ogbó yìí, obìnrin wo nìyẹn? Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó rántí pé òórùn ara mi ni mò ń jowú.

Nígbà tí wọ́n lọ ra ìṣó, mo yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń dán fáníṣì tuntun wò kí wọ́n tó fi kun àga oníbàárà: wọ́n á kùn ún sára àjákù pákó, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ aago sí i. Àjákù pákó mẹ́fà ni mo bá lábẹ́ bẹ́ńṣì, igi líle, igi rírọ̀, lọ́fíńdà rẹ lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Aago mẹ́jọ, ó ń dán jù. Aago kan, ó ti gbẹ wọnú igi. Ọjọ́ kejì, kò bó. Ọjọ́ kẹta, omi kàn án, kò bó. Lára èyí tó kẹ́yìn, wọn kò kọ aago. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ẹni tó po èyí mọṣẹ́.

Mo jókòó sórí eruku pákó. Orúnkún mi kò wí nǹkan kan.

Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ti fá a dán. Ihò méjìlá ni wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìdí ìgò rẹ, wọ́n ti gbẹ́ mọ́kànlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ká mi mọ́. Wọ́n ní àpótí ìṣó ni. Mo ní ìṣó wo ló nídìí ribiti tó báyìí? Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Mo ní kí ló dé tí ìkejìlá kò tíì ní ihò. Wọ́n ní ẹni tó ni ìgò ló máa gbé ìgò wá kí àwọn tó lè wọ̀n ọ́n. Mo ní ìgò mi ńkọ́? Wọ́n ní ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìgò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kò ṣeé wọ̀n.

Ọmọ mi, mo nílò owó tí màá fi tún fóònù ṣe. Má fi ránṣẹ́ o, mú un lọ́wọ́ bọ̀. Mú kéèkì gidi bọ̀ fún aránṣọ pẹ̀lú, kí n lè rímú mí.

Ọwọ́ rẹ kò ní ṣi nǹkan pò. Orúkọ rẹ á máa ta sánsán níbi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé, ayé á fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò ní lọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tí wọ́n ń gbóòórùn dé ìlà kẹta.

Mo gbàgbé: mo fi lẹ́tà yìí sórí tábìlì, mo lọ wá ohun tí màá fi lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé, mo bá ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ mi. Mi ò ní pa á rẹ́.

Má wọ ọkọ̀ alẹ́. Ti òwúrọ̀ ni kí o wọ̀.