Edé Oníbọn Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ fún Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́ o. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Èmi ọ̀gá ṣì ń ta ìbòrí fóònù, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí. Ẹsẹ̀ Màmá ti wú sí i, ojú wọn ò sì ríran mọ́.

Ọ̀rọ̀ edé yín tó wà nínú gíláàsì omi iyọ̀ ni mo bá wá. Tó bá ti pa ọwọ́ ẹ̀ ńlá yẹn dé, tó dún bí ìbọn, pàá, Màmá á ní, "Ọmọ mi ń kí mi." Mo ní kí n fẹ́yàwó fún un, kí wọ́n bímọ, kí n rí tà. Ẹni tó ta ìyàwó náà fún mi ní kí n yẹ ikùn wò, pé ti abo máa ń fẹ̀ torí ẹyin. Mo ní, "Èmi lẹ fẹ́ kọ́ lọ́rọ̀ obìnrin?" Èyí tọ́wọ́ ẹ̀ tóbi jù ni mo mú. Akọ ni! Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n para wọn.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fi bíírò kan gíláàsì kó lè dún pàá, kí Màmá má bàa mọ̀ pé edé yín ti kú. Lánàá, wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Sinmi, ọmọ mi. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó máa bọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn láyé.