Ọ̀nà Àrẹ̀mọ Tí Kò Sí Nínú Máàpù

                                        Agbo Ilé Èjìdé,
                                        Àrẹ̀mọ, Ìbàdàn.
                                        Ogúnjọ́, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Zulaihat, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ẹ kú ẹ̀yìn ọdún Iléyá. Ṣé ara màmá rẹ ti mókun? Basit ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé Ìlọrin ń tù yín lára? Àwa náà wà dáadáa, alihamdulilahi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ fún ẹlòmíràn.

O rántí iṣẹ́ ìwádìí wa, tí a ti ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn káàkiri ìlú. Fóònù wọn ló ń sàmì sí ibi tí wọ́n bá gbà, ṣùgbọ́n àmì náà máa ń ṣìnà, á bọ́ sórí òrùlé onílé. Èmi ni mo máa ń dá wọn padà sójú ọ̀nà níkọ̀ọ̀kan. Àfi bí Muhydeen, òṣìṣẹ́ tuntun kan, ṣe dé lóṣù tó kọjá, tó kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, tí ìyẹn ń fi wákàtí kan ṣe iṣẹ́ tí mo ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe. Láti ìgbà náà, Muhydeen ṣáá ló wà lẹ́nu ọ̀gá wa. Òun ni wọ́n ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tún ọ̀nà ṣe. Mo jowú débi pé tó bá kí mi, ẹnu mi á wúwo láti dáhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wo ìrìn Àǹtí Ọ̀ṣunfúnkẹ́, aránṣọ àdúgbò wa, lórí kọ̀ǹpútà. Ètò Muhydeen ní títì Mápó ni wọ́n gbà dé Ọjà'ba. Irọ́ ni. Ọ̀nà tóóró tó wà láàárín agbo ilé wa àti mọ́ṣáláṣí ni wọ́n gbà, èyí tí kò sí nínú máàpù. Gbogbo obìnrin Àrẹ̀mọ ló ń gba ibẹ̀, lórí gọ́tà tí páńkó rẹ̀ ti jẹrà. Mo rí i, mo dákẹ́. Mo fẹ́ kí ojú ti Muhydeen níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà.

Lọ́jọ́rú, mo pàdé Àǹtí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ tí wọ́n ń tiro. Páńkó náà ti ṣẹ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

"Karimat, ṣé fóònù tí ẹ ní ká máa gbé kiri ti sọ fún wọn pé ibí la ń gbà? Ṣé wọ́n á bá wa tún un ṣe?"

Mo lọ bá Muhydeen, mo jẹ́wọ́. Ó wojú mi.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

Kò bá mi jà. A jọ lọ rin ọ̀nà náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a yà á sínú máàpù, ó sì tún ètò rẹ̀ ṣe.

Lánàá, níwájú ọ̀gá wa àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà, ó nàka sí mi. "Karimat ló rí ọ̀nà yìí. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀, irọ́ ni ǹ bá pa fún yín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n sì ní àwọn á wá wo gọ́tà náà. Muhydeen ò sọ pé mo ti kọ́kọ́ fi í pamọ́.

Mo rò pé owú náà á tán. Kò tán, Zulaihat. Ìmọ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń jowú. Inú rere rẹ̀ ni mò ń jowú báyìí, ìyẹn sì ń dùn mí jù.

Bá mi kí màmá àti Basit. Má jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yìí o.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè purọ́ fún ọ,
Karimat Èjìdé.