Fóònù Dókítà Àgbà Dún

Yàrá Oníkọ̀ǹpútà,
Àjà Kẹta, Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ àbúrò àwọn ìbejì lẹ́nu ti lọ? Mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ níbẹ̀ lo wà, àmọ́ ẹ̀rù àtifi fóònù bá ọ sọ̀rọ̀ ń bà mí láàárọ̀ yìí. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ló máa fi bébà yìí lé ọ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó kà á.

Yéè, mo ti ṣe é! Ẹ̀sùn tó o fi ránṣẹ́ sínú àpótí ẹ̀sùn orí fóònù láàárọ̀, pé Dókítà Àgbà mutí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ìyẹn lo ṣe fi àmì ìpè (@) síwájú orúkọ tiẹ̀ kó lè yàtọ̀, àmì tó ń mú kí fóònù ẹni tá a dárúkọ dún. O sì fi ìlà tó dagẹ̀rẹ̀ (\) ṣáájú àmì náà bí mo ṣe kọ́ ọ, kí fóònù rẹ̀ má bàa dún. Ìwọ ò ṣẹ̀. Èmi ni. Lánàá ni mo tún ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó àpótí náà ṣe, mo wá jẹ́ kó máa yọ ìlà yẹn kúrò kó tó wá ẹni tó máa pè. Nígbà tó fi máa wá a, ìlà ti lọ, ó sì pè é.

Àárín ìpàdé ni fóònù ọkùnrin náà ti dún. Ẹ̀sùn rẹ hàn gbangba, orúkọ rẹ nìkan ni kò hàn. Ó gun àtẹ̀gùn wá bá mi, ó na fóònù sí mi nímú, ó ní ta ló kọ ọ́. Mo ní mi ò tíì wò ó. Irọ́ ni, mo ti wò ó. Ó ní òun ń padà bọ̀ láago méjì, bí mi ò bá sọ, kí n kó ẹrù mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mo fi tún ètò náà ṣe, àmọ́ ẹyin lohùn.

O mọ̀ mí. Ẹnu mi kì í gba nǹkan dúró tí wọ́n bá ti jágbe mọ́ mi. Mo fẹ́ ṣèlérí pé mi ò ní sọ, ọwọ́ mi kọ̀, kò kọ ọ́. Jọ̀ọ́, lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì báyìí, sọ ohun tó o rí fún un fúnra rẹ, kó tó di aago méjì.

Bá mi kí bàbá wọn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, tí àwọn ìbejì bá bi ọ́ ìdí tó ò fi lọ síbi iṣẹ́ mọ́, jọ̀ọ́, má dárúkọ mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí àyà ń já,
Tẹ́ẹ́rẹ́.