Ọjọ́ Tí O Dá fún Mi Nínú Fídíò

Sẹ̀gilọlá, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ olùkọ́, mo kí ọ kú ìlú onílùú. Ṣé dáadáa lo wà ní Awada yẹn, ní Onitsha, ṣé omi ń wá? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Àlàáfíà ni àwa náà wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń dùn ún, àti ewúrẹ́ Morónkẹ́ aládùúgbò wa tó ti jẹ ewé ẹ̀gẹ́ wa dé ìdajì.

A rí fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ, èyí tí o ní o ṣe kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ máa fi kọ́ ìṣirò. O dúró níwájú pátákó, o gé odidi búrẹ́dì sí mẹ́rin, o kò sì fún ẹnikẹ́ni jẹ. O mú ẹyọ kan kúrò, o bèèrè pé mélòó ló kù, o wá dákẹ́, o tẹjú mọ́ mi. Kò sí ọmọ Onitsha kan tó fọhùn. Ojú tì mí fún ọ, ni mo bá dáhùn pé mẹ́ta, o sì rẹ́rìn-ín, o ní mo káre. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi, torí láti ìgbà tí mo ti ka ìwé mẹ́fà, kò sẹ́ni tó tún yìn mí lórí ìwé.

Bàbá rẹ ní o kò gbọ́ mi. Mo ní ṣé ẹni tí kò gbọ́ ló máa ń dúró de èsì? Mo bá kúkú sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ọ, pé ó ti pé ọdún mẹ́ta tí a ti fojú kàn ọ́, àárò rẹ ń sọ mí, ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé? O juwọ́ sí mi, o fi òyìnbó sọ pé a ó ríra lọ́la. Òyìnbó mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tumọ́rò.

Mo pa àgbébọ̀ adìẹ, mo gúnyán, mo jókòó sétí títì títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní bóyá ọkọ̀ ló bàjẹ́. Mo tún ṣí fídíò náà, mo tún bi ọ́, o tún ní ọ̀la, mo tún pa òmíràn, títí ó fi di mẹ́ta. Láti orí adìẹ kejì ni bàbá rẹ kò ti bá mi jiyàn mọ́, òun gan-an ló ń rán mi létí pé kí n tún bi ọ́.

Sẹ̀gilọlá, ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé àwọn ọmọ yẹn lò ń rí lọ́la, wọn kì í sì í pa adìẹ kankan. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kí o wá, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, màá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Bridge Head, kí o wá mú mi, kí o fi mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú kíláàsì rẹ. Mi ò ní pariwo. Bí o bá ti ní ọ̀la, èmi náà á wà níbẹ̀ lọ́la.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, yóò sì jẹ́ kí o bá wa láyé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Deborah.