Ẹ̀jẹ̀ Tí N Kò Lè Dárúkọ Lójú Ọmọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ kú ilé o, okun o. Mo kí bàálé yín, mo kí àwọn ìyàwó ilé wa ní Kàbbà, mo kí Bọ́sẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tuntun wa ní Lọ́kọ́ja. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Délé ọmọ mi ló bá mi kọ ọ́.

Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ń wọ eegun. Bí Délé àti ìyàwó rẹ̀ bá ti lọ síṣẹ́, èmi àti ọmọ-ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ nìkan ló kù.

Ikùn mi ló wú. Dókítà ní kókó wà lára ilé ọmọ nínú ikùn mi, pé ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara ni yóò sọ irú èyí tó jẹ́. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yà á pọ̀, ohun tí mo bá sọ ni òun yóò fi yan. Délé ló ń ṣe ògbufọ̀. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ń wá. Ó ti pẹ́ tí nǹkan oṣù mi ti dá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ta ní ń sọ ìyẹn lójú ọmọkùnrin tó bí? Mo ní rárá. Dókítà bá yan àwòrán kúkúrú tí wọ́n fi ń wo kókó lásán.

Lọ́jọ́ náà, mo ti dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ fẹ́ gbé mi mì, irọ́ tí mo pa wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo dìde jókòó. Obìnrin tó ń ya àwòrán ní kí màmá dùbúlẹ̀, mo ní n ò dùbúlẹ̀. Délé ń ráhùn lẹ́nu ọ̀nà pé mo ń dójú ti òun. Mo ní kó bọ́ síta, ṣé òun ló bí mi ni? Mo wá fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì mi sọ fún obìnrin náà pé ẹ̀jẹ̀ ń wá, pé mo purọ́. Mo na ìka mẹ́fà sí i: oṣù mẹ́fà.

Ó sáré pe dókítà. Wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà: wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń jẹ́ kí ibi tí àìsàn jẹ dé hàn, wọ́n yà á níwájú, wọ́n yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èsì dé lánàá. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kò tíì jẹ ilé ọmọ já. Lọ́jọ́ Túsìdeè wọn yóò yọ ilé ọmọ náà kúrò. Ẹ̀rù ń bà mí.

Bí Bọ́sẹ̀ bá wálé, ẹ ní kó ka lẹ́tà yìí sétí àwọn obìnrin ilé wa, kó má fo ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ìdí tí ẹ kì í fi í jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láìtẹ́ aṣọ dúdú. Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á tún fojú kan ara wa láàyè. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi àbúrò yín tí ẹ fẹ̀yìn pọ̀n,
Ìyá Délé