Ètè Mi Kì Í Ṣe Ti Alága

                                        Ilé Mma Sanatu,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
                                        Lamashegu,
                                        Tamale.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kìíní, 2024.

Sumani, ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ràn bí ọmọ ìyá,

Báwo ni etí òkun? Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé ara le? Rahi ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ èdè wa, àbí ẹja Takoradi ti gbé e mì? Ìyá mi àgbà, Mma Sanatu, ní kí n kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ti gbàgbé adùn tùwó, nítorí pé fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ fi hàn pé o ti rù. Àwa náà wà láyé. Ọyẹ́ ọdún yìí kò fojú rere wo ẹnikẹ́ni: láàárọ̀, òtútù ń mú eyín gbá keke, lọ́sàn-án, oòrùn ń yan ni bí àgbàdo. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá omi ti gbàgbé pé ètè a máa là.

Lórí ìpara ètè méjì tí o fi rán awakọ̀ sí mi ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó yẹ kí n jíhìn fún ọ, ṣùgbọ́n má rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ pé nílé wa, bí ọyẹ́ bá mú kí òrí le gbagidi nínú igbá, ńṣe là ń gbé e sóòrùn kó lè rọ̀. Ohun tí mo ṣe fún ìpara àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó le láàárọ̀ ọjọ́ kan débi pé ńṣe ló ń ha mí létè. Mo bá ṣí ìdérí ike rẹ̀, mo yí ìdí rẹ̀ títí gbogbo ìpara náà fi yọ sókè, mo tẹ́ ẹ sórí àga alùpùpù mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí a fi kírun ọ̀sán tán. Nígbà tí mo padà dé, ike lásán ló kù. Sumani, mo kọ̀ kó ṣòfò! Mo fọwọ́ ha gbogbo rẹ̀ kúrò lórí àga, mo fi ra ìgúnpá, mo fi ra orúnkún, mo sì fi ìyókù ra gìgísẹ̀ Mma Sanatu tó ti sán. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì rí ẹsẹ̀ tó ń ta sánsán bí ọsàn. Ọ̀kan nínú àwọn aláìníṣẹ́ àdúgbò rí mi níbi tí mo ti ń ha àga. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ èmi rẹ́fírì bọ́ọ̀lù àdúgbò ti di Rẹ́fírì Ahun.

Mo gbà. Kí wọ́n máa pè é.

Ìkejì ni mo fi kọ́gbọ́n. N kò yí i sókè ju ìwọ̀n èékánná lọ kó má baà kán. Bó bá le, àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń dì í mú títí yóò fi rọ̀. N kò fi í sápò ṣòkòtò mọ́. Mo rán àpò kékeré kan mọ́ okùn fèrè mi fún un. Mo tún jáwọ́ nínú fífi ahọ́n lá ètè, nítorí bí itọ́ bá gbẹ tán, ètè á gbẹ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ìpara náà sì wọlé tí kò yọrí mọ́, tí àwọn ẹlòmíràn ìbá ti sọ ọ́ sí ààtàn, mo mú igi ìṣáná, mo ń fi wa ìdí rẹ̀. Ohun tó wà nídìí ike yẹn pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ.

O kúkú mọ ohun tí ètè jẹ́ fún ẹni tó ń fọn fèrè. Bó bá ti là, kò ní pa dé mọ́ fèrè, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò máa jáde. Ta sì ni ọkùnrin tí kì í ra òrí ní Tamale yìí? Inú igbá kan ṣoṣo ni tọmọdé tàgbà ti ń fìka bù ú láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé tèmi wà nínú ike tó jọ tàwọn obìnrin, ó di ẹ̀ṣẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá ìdíje ife, tí wọ́n fi èmi ṣe rẹ́fírì rẹ̀, láàárín ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Choggu àti Kalpohin ni Alhaji Dawuni, alága ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù wa, ránṣẹ́ pè mí. Láti ìgbà tí èmi àti ìwọ ti ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣe fèrè ni mo ti ń lálàá àṣekágbá yìí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ fi ìjókòó lọ̀ mí.

“Napari, ṣé ọkùnrin ni ọ́ àbí ìyàwó ilé? Aṣojú ọba máa jókòó síwájú lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ rí nǹkan radaràda yẹn lórí pápá.”

Mo ní, “Alhaji, fèrè lẹ fún mi. Ètè, àtilé ni mo ti gbé e wá.”

Akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Alhaji ní bí òun bá fi lè rí i, iṣẹ́ rẹ́fírì mi tán nìyẹn. Mo ní, “Ẹ máa rí i, sà. Mi ò ní fara pa mọ́.” Kò sí ẹlòmíràn tó lè fi rọ́pò mi, torí Issah, rẹ́fírì kan ṣoṣo tó tún wà, jẹ́ àna akọ́nimọ̀ọ́gbá Choggu, Kalpohin kò sì ní gbà. Bí mo ṣe wọ pápá nìyẹn.

Eruku bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí ìsinmi àárín eré fi máa tó, ètè mi ti ń fà. Mo dúró sáàárín pápá gan-an, mo yọ ike rẹ jáde, mo yọ igi ìṣáná, mo sì ń wà á. Ariwo ta! “Ìyàwó wa! Ẹ bá a mú dígí wá o!” Fuseini, kápútẹ́nì Kalpohin, ní, “Rẹ́fírì, ṣé kí n bá ẹ dirun ni?” Mo ní, “Lọ di okùn bàtà ẹ ná.” N kò kánjú. Mo ra tòkè, mo ra tìsàlẹ̀, mo fi ìdérí dé e padà. Alhaji ń wò mí láti orí àga rẹ̀, èmi náà wò ó.

Nígbà tí eré fẹ́ parí, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Choggu kan fa Fuseini lulẹ̀ níwájú àwọ̀n wọn. Mo fọn fèrè débi pé ewúrẹ́ etí títì fẹsẹ̀ fẹ. Pẹnáritì! Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Kalpohin gbá a wọlé, bí wọ́n ṣe gba ife nìyẹn, tí Fuseini ń rẹ́rìn-ín títí ètè rẹ̀ fi là. Ó rọra sún mọ́ mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ níbẹ̀.” Ó ti wá di ẹ̀gbọ́n! Mo ní, “Ìka ẹ dà? Ẹnu ẹ ò ní kan ike mi.” Mo fi igi ìṣáná ta díẹ̀ sí i níka.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ alága. Alhaji wọ ẹ̀wù fúgù funfun, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó la ẹnu kí aṣojú ọba, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì là. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ẹ̀wù. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró, ó yà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí awakọ̀ rẹ̀ fi sáré tọ̀ mí wá: “Alhaji ní kẹ́ ẹ wá lẹ́yìn ọkọ̀, kẹ́ ẹ mú nǹkan yẹn dání.”

Mo ní, “Bá mi sọ fún wọn pé àárín pápá ni mo wà. Ibi tí mo ti ra tèmi ni wọ́n á ti ra tiwọn.”

Ó wá, Sumani. Mo wa ìdí ike náà gbẹ, mo ta èyí tó kù sí i níka, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ra ètè. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wá ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta omi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀. Kò dárúkọ mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ló rán awakọ̀ wá gba fèrè.

Mo nu ẹnu fèrè náà dáadáa, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó dùn mí. N kò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún sínú oúnjẹ mi títí Mma Sanatu fi bi mí bóyá ata ni. Ó ní ǹ bá ti lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí n fún un, kí n sì jẹ́ kí ìjọba rẹ̀ rọrùn fún un. Mo ní rárá o. Bí mo bá lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọn yóò máa pè mí sí títí ayé. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ, n kò sì kábàámọ̀.

Lánàá ni Fuseini àti kápútẹ́nì Choggu jọ wá sílé wa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kò ní sí alága, kò ní sí ìgbìmọ̀, èmi ni kí n darí rẹ̀. Wọ́n mú fèrè oníke kan wá, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti òròmọdìyẹ. Mo gbà á.

Bá mi kí Rahi, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì kí gbogbo ará Lamashegu tó wà níbẹ̀. Mma Sanatu ti yọ́ òrí pọ̀ mọ́ ìda oyin, ó sì ti rọ ọ́ sínú ike rẹ. Abẹ́ òjìji la gbé e sí lọ́tẹ̀ yìí. Nítorí náà, má fi ìpara ránṣẹ́ sí mi mọ́. Bí o bá fẹ́ rán nǹkan, fèrè ni kí o rà, èyí tó le, tó sì ń dún dé ilé Alhaji. Ètè tí yóò fọn ọ́n wà níbí.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ètè rẹ̀ kò là,
                                        Napari.